Ẹni Tó Ń Tẹ Bọ́tìnì

Òjò ń rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ tí Fadérera, tó ń fi èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Páítọ̀n kọ ètò, dá wà ní ọ́fíìsì, tó tan irinṣẹ́ tó ń wá àṣìṣe nínú ètò náà. Irinṣẹ́ náà máa ń dá ètò dúró lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, títí èèyàn á fi tẹ bọ́tìnì kan lórí kíbọ́ọ̀dù.

Ètò dúró. Kó tó tẹ nǹkan kan, ó gbọ́ "kọ́", bí ìró bọ́tìnì tí wọ́n tẹ̀, láti yàrá kejì. Ètò sì sún síwájú.

Ó fi fóònù pe Akínwándé, ọ̀gá rẹ̀. "Ẹ káalẹ́ sà. Ta ló wà ní yàrá kejì?"

"Kò sẹ́nì kankan. A ti kó gbogbo ẹ̀rọ ibẹ̀ lọ. Fadérera, jáde ńbẹ̀."

Ó gbé ọwọ́ méjèèjì kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù, ó kó wọn sí àyà. Nígbà tí ìró náà tún dún, kò ti yàrá kejì wá mọ́. Níwájú rẹ̀, bọ́tìnì rọra wọlẹ̀, bí ẹni pé ìka kan wà lórí rẹ̀.