Àdúrà ní Apọ́ngbọ̀n

Ìyá ìyàwó ń fi èjìká la èrò kọjá ní Apọ́ngbọ̀n lọ́sàn-án gangan nígbà tí ìyá àgbàlagbà kan gbá a lápá mú.

“Ọmọ mi, má wẹ̀yìn o. Wọ́n ń tẹ̀lé ẹ bọ̀.”

Ọwọ́ rẹ̀ sáré lọ sí etí ìró rẹ̀, níbi tó so ṣéènì góòlù tí ọmọ rẹ̀ máa wọ̀ lọ́jọ́ yìgì mọ́. Ó ṣì wà níbẹ̀.

“Ẹ ṣé gan-an, màmá. Ẹ ò ní fojú sunkún ọmọ.”

Ó kúnlẹ̀ láàárín ọ̀nà. Màmá gbọ́wọ́ lé e lórí, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ta ni àgbà máa ṣàdúrà fún tí kò ní tẹ́wọ́ gbà á? Ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, ó dijú, ó ń ṣe àmín, èrò sì ń fara gbún un kọjá.

Ìgbà tó dé Pópó Àgùdà ló tó tún fọwọ́ kan ìró. Wọ́n ti fi abẹ gé etí ìró náà lọ, tòun ti ṣéènì.

Ó sáré padà, kó lè bi màmá bóyá ó rí ojú olè náà.

Màmá ṣì wà níbẹ̀. Obìnrin mìíràn ló kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, tó dijú, tó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì. Ọkùnrin kan ti bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn obìnrin náà, abẹ ń kọ mànà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá ìyàwó la ẹnu láti pariwo. Ẹnì kan gbá a lápá mú látẹ̀yìn.

“Mọ́mì, ẹ má wẹ̀yìn o,” ni ohùn ọkùnrin kan wí jẹ́jẹ́. “Ẹ kàn máa ṣe àmín.”