Káfíńtà Tó Gun Òkè Láìdágbére

Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á tán ná, kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹni tí ẹ fẹ́ràn, pàápàá ẹni tí kì í sọ ibi tó ń lọ fún ará ilé.

1.

Káfíńtà kan wà tí ìyàwó rẹ̀ kú. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí ti lọ sí ìlú òkèèrè, ìpè orí fóònù ló kù. Bí káfíńtà bá ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù nírọ̀lẹ́ tó délé, kò sí ẹni tí yóò bi í pé, "Ṣé o ti jẹun?" Ilé á pa lọ́lọ́. Ẹ̀yin tí irú rẹ̀ ti ṣe rí, ẹ mọ ohun tí mò ń wí.

Télọ̀ kan ni alámùúlégbè ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ògiri kan ló là wọ́n láàárín. Télọ̀ yìí fi ọdún mẹ́fà ju káfíńtà lọ. Lọ́jọ́ kan, ó fi ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sílẹ̀, ó wọlé wá.

"Àbúrò mi, láti àárọ̀ lo ti ń fági, o ò tíì kan nǹkan kan. Dìde, jẹ́ ká lọ gun òkè."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, wọ́n á wọ bàtà tó le, wọ́n á gbé omi àti búrẹ́dì, ó di òkè. Díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rín padà sẹ́nu káfíńtà.

2.

Òkè kan wà tí kò lókìkí. Àwọn èèyàn máa ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ síbi àwọn òkè ńlá, wọn kì í wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àmọ́ àpáta lásán ni orí rẹ̀. Ẹsẹ̀ nìkan kò lè gbé èèyàn débẹ̀, àfi kéèyàn fọwọ́ di ihò àpáta mú, kó máa rápálá gòkè. Ẹ̀ẹ̀mejì làwọn méjèèjì gbìyànjú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì náà ni orúnkún télọ̀ kọ̀ṣẹ́, tí wọ́n sì yí padà.

Nísàlẹ̀ òkè náà, bàbá aṣọ́nà kan ní ìwé kan lórí tábìlì. Bí o bá ń gòkè, wàá kọ orúkọ rẹ. Bí o bá sọ̀kalẹ̀, wàá fa ìlà pupa sí i. Bí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú tí orúkọ kan kò ní ìlà, bàbá á fun fèrè, àwọn ará abúlé á sì gòkè lọ wá onítọ̀hún. Nígbà kejì tí wọ́n lọ, wọ́n pẹ́, làwọn èèyàn bá jáde wá wọn.

Obìnrin kan ní, "Ẹ wo àwọn bàbá tí wọ́n ń wá kiri bí ewúrẹ́ tó sọnù!"

Télọ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Káfíńtà kò rẹ́rìn-ín rárá. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra.

3.

Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù tó tẹ̀ lé e, télọ̀ yọjú lẹ́nu ọ̀nà. "Àbúrò, ọ̀la ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n, ó rẹ̀ mí. Mo fẹ́ sùn."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Orúnkún tèmi náà ń wá ìsinmi."

Irọ́ funfun báláú! Ìgbéraga ti ń sọ fún káfíńtà nínú pé, "Orúnkún bàbá yìí ló ń fà ọ́ sẹ́yìn." Ẹni tó fà á jáde nínú ìbànújẹ́ ló wá di ẹrù sí i lọ́rùn. Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ẹ rí ọmọ aráyé?

Láàárọ̀ kùtùkùtù Sátidé, òun nìkan ti dé ìsàlẹ̀ òkè tí kò lókìkí yẹn. Ó kọ orúkọ rẹ̀. Bí bàbá aṣọ́nà ṣe wọlé lọ gbé tíì rẹ̀, káfíńtà wọ̀tún, ó wòsì, ó mú bírò pupa, ó fa ìlà sí orúkọ ara rẹ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó máa wá òun bí ewúrẹ́ mọ́ láyé.

4.

Ó dé orí òkè náà. Ẹ jẹ́ ká sòótọ́, ó dé e. Igbó àti òrùlé kéékèèké tẹ́ rẹrẹ nísàlẹ̀. Ó pariwo pé, "Mo ti dé o!" Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ó bu búrẹ́dì sí méjì bó ṣe máa ń ṣe, ìgbà yẹn ló tó rántí pé kò sí ẹni tí òun fẹ́ nawọ́ èkejì sí. Ayọ̀ náà kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún.

Nígbà tó ń sọ̀kalẹ̀, òkúta kan yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó já bọ́ sínú pàlàpálá àpáta, ojúgun rẹ̀ ṣẹ́, fóònù rẹ̀ sì fọ́ yángá. Nírọ̀lẹ́, ó tẹ́tí sílẹ̀ títí kó gbọ́ fèrè. Fèrè kò dún. Ó wá sunkún bí ọmọdé, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló fi bírò pa fèrè náà lẹ́nu mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó gbọ́ ohùn kan láti ìsàlẹ̀: "Àbúrò mi o! Àbúrò mi!"

Télọ̀ ni! Káfíńtà fẹ́ dáhùn, àmọ́ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ti gbẹ, ohùn tó jáde kò ju ti ẹyẹ lọ. Télọ̀ pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, ó dákẹ́.

5.

Ọjọ́ kẹta làwọn tó ń wá igi ìdáná rí i. Egbò ojúgun tó ṣẹ́ náà ti bàjẹ́, wọ́n sì gé ẹsẹ̀ náà ní ọsibítù. Télọ̀ wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ ohùn yín. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi dákẹ́?"

"Mo kan ilẹ̀kùn rẹ ní Sọ́ńdè, mi ò bá ọ, mi ò rí bàtà òkè rẹ. Mo sáré lọ síbẹ̀, mo ń pè ọ́. Bàbá bá gbé ìwé wá, ó ní o ti sọ̀kalẹ̀ látàná. Mo rí ìlà pupa. Mo rò pé o ti gba ibòmíràn lọ, pé èmi lò ń sá fún, ni mo bá lọ sílé."

Káfíńtà bú sẹ́kún. "Ẹ dárí jì mí."

"Mo ti dárí jì ọ́. Àmọ́ ká ní o sọ fún mi pé o fẹ́ dá lọ ni, ǹ bá jókòó nísàlẹ̀ dè ọ́. Ṣé mo máa ní kó o má lọ ni?"

Kò pé oṣù mẹ́ta, télọ̀ kó ẹ̀rọ rẹ̀, ó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ nílùú mìíràn. Ó ní gbogbo ìgbà tóun bá gbọ́ ìró ọ̀pá tí káfíńtà fi ń rìn lẹ́yìn ògiri, òun máa ń rántí pé òun wà nísàlẹ̀ òkè náà, òun sì yí padà. Títì ni ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún wà títí dòní.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, mo bẹ̀ yín, ẹ má dá lọ síbi tó léwu láìsọ fún ẹnì kan. Ẹ má purọ́ fún ẹni tó ń ṣọ́ yín. Kí wọ́n wá èèyàn kì í ṣe àbùkù, ẹni tí wọ́n fẹ́ràn ni wọ́n ń wá. Bí ẹnì kan bá wà tẹ́ ẹ ti fi ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ pa mọ́ fún lónìí, ẹ tètè pè é. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.