Ẹni Tó Wà Níwájú

Ọjọ́ kẹta tí aránṣọ àti ọkọ rẹ̀ ti ń gun kẹ̀kẹ́ yí adágún ká nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n aránṣọ tó ń ta kẹ̀kẹ́ ló yá wọn ní méjì tí táyà wọn nípọn, irú èyí tí kì í bẹ̀rù òkúta wẹ́wẹ́. Ó ní, "Ẹ lọ. Ọdún mọ́kànlá lẹ ti ń gbé inú ilé kan náà tí ẹnì kan ò gbọ́ ohun tí ẹnì kejì ń wí. Bí ẹ bá jọ jìyà lójú ọ̀nà, ẹ ó rí ọ̀rọ̀ sọ."

Ìyà ni wọ́n rí, wọn ò rí ọ̀rọ̀.

Ọkọ rẹ̀, olùkọ́ ìṣirò, kì í gun kẹ̀kẹ́ bí ẹni tó ń ṣeré. Òun níwájú, aránṣọ lẹ́yìn. Orí òkè ló ti máa ń dúró dè é, tí á máa wo aago ọwọ́ rẹ̀. Bí obìnrin náà bá ti dé báyìí, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, olùkọ́ á tún gbéra. Ẹni tó ti sinmi á tún máa lọ, ẹni tó rẹ̀ ò ní rí ìsinmi.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ní, "Aago mẹ́rin ni ọkọ̀ ojú omi ìkẹyìn ń ṣí. Bí o bá tún rìn bí ìgbín lónìí, etí omi la máa sùn."

"Ìgbín?" aránṣọ wí. "Ó dáa. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ìgbín á kọjá lára ẹ, tí o ò ní mọ ibi tó gbà."

Wọ́n gun kẹ̀kẹ́ fún wákàtí méjì gbáko.

Nígbà tí wọ́n dé abúlé tó wà lẹ́nu igbó, ọkọ rẹ̀ yà sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà láti fa afẹ́fẹ́ sí táyà. Kò ní kó dúró, kò ní kó máa lọ. Ẹrẹ̀ ti dì mọ́ ṣéènì kẹ̀kẹ́ aránṣọ. Ó ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sídìí ẹ̀rọ omi lẹ́yìn ilé ìwé, ó ṣàn án, ó bọ́jú, ó bu omi sí ìgò. Kó tó padà dé, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ti ṣófo.

"Ó ti lọ," fọkanáísà wí. "Eré ló bá jáde. Ó bi mí ní nǹkan kan, ẹ̀rọ ń pariwo, mi ò gbọ́. Mo kàn nawọ́ sí ọ̀nà fún un ni."

Fóònù aránṣọ wà nínú báàgì ọkọ rẹ̀. Ó wo ọ̀nà títí, kò rí ẹnikẹ́ni. Inú bí i dé eegun.

Ó wọ inú igbó. Òkúta ń yọ̀ lábẹ́ táyà, igi sì ṣú bo ọ̀nà débi pé ó dà bí ìgbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ́sàn-án gangan. Níbi kọ́nà kan, kẹ̀kẹ́ yọ̀, ó gbé e ṣubú, orúnkún rẹ̀ bó. Kò sí ẹni tó máa kí i pẹ̀lẹ́. Ó kí ara rẹ̀ pẹ̀lẹ́, ó sì dìde.

Ní abúlé kejì, ìyá àgbà kan jókòó sétí adágún, ó ń tún àwọ̀n ṣe.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ rí ọkùnrin kan tó gun kẹ̀kẹ́ dúdú?"

"Mo rí i. Ẹ̀yin oníkẹ̀kẹ́ pọ̀ lónìí, àmọ́ tiẹ̀ yàtọ̀. Mo fi omi lọ̀ ọ́, ó ní òun ò lè dúró. Ó ní bí òun bá fi lè mí báyìí, wọ́n ti fi òun sílẹ̀ nìyẹn."

"Ọkọ̀ ojú omi ni," aránṣọ wí. "Ọkọ̀ ni kò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀. Èmi ò sí nínú ìṣirò."

"Kí lo jẹ́ sí i, ọmọ mi?"

Aránṣọ ti tún gun orí kẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Mi ò tíì mọ̀, ìyá."

Lẹ́yìn abúlé yẹn, ó bá àwọn agégẹdú méjì tí wọ́n ń sinmi lórí ìtì igi.

"Ẹni yẹn?" ọ̀kan nínú wọn wí. "Ojú ẹ̀ ò dáa rárá. Mo ní, 'Ọ̀gá, ẹ rọra, kò sẹ́ni tó ń lé yín.' Kò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá tẹ kẹ̀kẹ́ yín dáadáa, ẹ ó bá a."

Aránṣọ tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́ bí kò ṣe tẹ̀ ẹ́ rí láyé rẹ̀. Itan ń ta á, òógùn ń wọ̀ ọ́ lójú, kò dúró. Ó gun òkè tó ga jù lọ lọ́nà náà láìsọ̀kalẹ̀, ó wá wo ibi tó yẹ kí ọkọ rẹ̀ ti máa wo aago. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ó rí i pé ohun tó máa ń bí òun nínú tẹ́lẹ̀ náà tún dára ju èyí lọ.

Nígbà tó fi dé èbúté, ọkọ̀ ti kúrò létí omi. Ó rí kẹ̀kẹ́ dúdú nídìí ọkọ̀, ó rí ọkọ rẹ̀ tó dúró níwájú, tó kẹ̀yìn sí ilẹ̀. Ó pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há. Ẹ̀rọ ọkọ̀ bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọkùnrin náà ò bojú wẹ̀yìn.

"Ó mà ṣe o," ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì wí láti ojú fèrèsé. "Ó di ọ̀la."

"Mi ò sọdá mọ́. Bọ́ọ̀sì wo ló ń lọ sílùú?"

"Èyí tó ń dún yẹn. Ó ti fẹ́ gbéra."

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì bá a gbé kẹ̀kẹ́ sórí òrùlé. Aránṣọ fi ẹsẹ̀ kan lé àtẹ̀gùn, ó wá yíjú padà.

"Ẹ jọ̀ọ́, bí ọkùnrin kan bá padà wá béèrè ìyàwó ẹ̀, ẹ ní ó ti lọ sílé ìyá ẹ̀."

Ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì wò ó, ó wo ọkọ̀ tó ti dé àárín omi, ó sì ní, "Ṣé kì í ṣe ọkùnrin tó wọ ìyẹn ni, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀ fún awakọ̀ ojú omi pé kó tètè ṣí, tó ní ó dájú pé ọkọ̀ aago mẹ́ta ni ìyàwó òun bá lọ, àti pé àtàárọ̀ lòun ti ń lé e bọ̀ kí òun lè bẹ̀ ẹ́?"