Ẹ̀rọ Ìkóyìnyín Ọ̀gbẹ́ni Dyck

"Bàbá, ẹ fi ẹ̀rọ náà hàn mí lórí fóònù báyìí, àbí kí n yọ orúkọ yín kúrò lára àwọn tó ń polówó fún wa!"

Inú ilé rẹ̀ ní ìlú Winnipeg ni ọ̀gá obìnrin náà ti ń pariwo. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ṣọ́ àwọn tó ń gbowó lórí ọjà tí wọ́n bá bá ilé-iṣẹ́ polówó lórí ayélujára. Òfin sì ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yin ohun tí kò lò rí.

"Ẹ kọ ọ́ pé ẹ fi ń kó yìnyín iwájú ilé méjì láràárọ̀. Ilé mélòó lẹ ní?"

Ọ̀gbẹ́ni Dyck rẹ́rìn-ín. "Ẹyọ kan ni, ọ̀gá. Èkejì, ti aládùúgbò mi ni. Àárọ̀ dalẹ́ ló ń jágbe mọ́ èèyàn lórí fóònù, ìgbà wo ló fẹ́ ráyè kó yìnyín?"

"Ẹ má purọ́ fún mi o! Ẹ tan ẹ̀rọ yẹn jàre."

Ó tan án. Yìnyín ń fò, mọ́tò pupa kan sì yọjú lábẹ́ rẹ̀. Ariwo ẹ̀rọ náà ń ti inú fóònù wá, ó tún ń ti ojú fèrèsé ọ̀gá náà wá.

Ọ̀gá náà dìde, ó ṣí kọ́tìnì. Nínú fóònù, lẹ́yìn mọ́tò pupa náà, obìnrin kan ṣí kọ́tìnì.

"Òun nìyẹn!" ni Ọ̀gbẹ́ni Dyck ké. "Ẹ ò rí i, ọ̀gá? Ó tún ti gbé fóònù dání!"