Ìṣẹ́jú Kan fún Àwọn Bàbá

Láàárọ̀ ọjọ́ tí àjọ tó ń sanwó yunifásítì fún àwọn ọmọ aláìníbàbá fẹ́ẹ́ buwọ́ lu owó ọdún ìkẹyìn, aránbàtà kan gbé àpótí iṣẹ́ rẹ̀ wá sẹ́nu géètì gbọ̀ngàn wọn.

“Bàbá, n ò rí yín níbí rí,” ni aṣọ́nà wí.

“Ibi tí bàtà bá pọ̀ sí là ń bá a lọ.”

Aṣọ́nà rẹ́rìn-ín, ó jẹ́ kó jókòó. Ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ó ní ọmọ tí bàbá rẹ̀ ti kú nìkan ni àjọ náà ń ràn lọ́wọ́. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ká irọ́ mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan lọ́wọ́. Wọ́n lé e, wọ́n sì ní kó dá gbogbo owó padà.

“Ó yẹ bẹ́ẹ̀,” ni aránbàtà wí. Ó ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́.

Kò pẹ́, ọmọbìnrin kan dé pẹ̀lú akọ̀wé àjọ, obìnrin ọlọ́yàyà kan. Bí ọmọ náà ṣe rí aránbàtà, ó dúró gbọnin.

“Bàtà ẹ ti la ẹnu,” ni akọ̀wé wí. “Aránbàtà sì rèé.”

“Ẹ jẹ́ ó wà bẹ́ẹ̀, mà.”

“Kó o wá fi jáde níwájú èrò? Rárá o. Bọ́ ọ.”

Aránbàtà gba bàtà ẹsẹ̀ òsì, ó yí i wò. “Ẹni tó rán an tẹ́lẹ̀ ò rán an dáadáa.”

“Ẹ̀yin aránbàtà! Ẹ kì í yin ara yín láéláé.” Akọ̀wé ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tó rí omijé lójú ọmọ náà. “Àbí bàbá ẹ lo tún rántí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Ẹ má bínú, bàbá,” ni akọ̀wé sọ fún aránbàtà. “Ó ti pẹ́ tí bàbá rẹ̀ ti di olóògbé, kò tíì kúrò lọ́kàn rẹ̀.”

“Ọlọ́run á tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere.”

“Àmín,” ni akọ̀wé wí.

Aránbàtà rán bàtà náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó gé awọ tín-ínrín sínú rẹ̀ láì wọn ẹsẹ̀ ọmọ náà, ó sì bá a mu rẹ́gí. Akọ̀wé sanwó, aránbàtà sì fún un ní ṣéńjì rẹ̀ pé pérépéré.

“Nujú ẹ,” ni aránbàtà sọ fún ọmọ náà, láì gbójú sókè. “Ọdún kan ṣoṣo ló kù.”

Wọ́n wọlé. Aránbàtà ń gbọ́ láti ojú fèrèsé bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, alága ní kí gbogbo èèyàn dìde, kí wọ́n dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan fún àwọn bàbá tó ti lọ. Gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́. Aṣọ́nà dìde. Aránbàtà náà dìde, ó ṣí fìlà. Ọkàn rẹ̀ bà jẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n ó dúró títí ìṣẹ́jú náà fi pé, ó sì di ẹrù rẹ̀.

Nígbà tó délé, tí ìyàwó rẹ̀ bi í bó ṣe lọ sí, ó ní, “Wọ́n ti buwọ́ lu owó ọdún tó kù fún ọmọ wa, gbogbo wọn sì dìde dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan nítorí mi.”