Omi Àdúrà Morádékẹ́

Nígbà tí ibà dá Morádékẹ́, ìyàwó Wòlíì Olúfisóyè, dùbúlẹ̀, àwọn àna rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ kó gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ó kọ̀ jálẹ̀. Omi àdúrà ló ń bù fún un. Morádékẹ́ ń mu ún, ó ń ṣe "Àmín," títí ẹ̀mí fi bọ́. Ọjọ́ náà ni ìgbàgbọ́ tán nínú Wòlíì, àmọ́ kò jẹ́ kí ìjọ gbọ́ fìn-ín.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí ìjọ ti túká, ó wọ bàtà gun orí pẹpẹ pẹ̀lú sùtánà lọ́rùn, ohun tí ọmọ ìjọ aláṣọ funfun kì í dán wò.

"Ta ló ń gbọ́ àdúrà níbí? Irọ́ gbáà ni!"

"Àmín," ẹnìkan dáhùn.

Ẹsẹ̀ tútù ń bọ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, pẹ̀tẹ̀, pẹ̀tẹ̀. Àbẹ́là kú. Obìnrin kan kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó na ìgò omi sí i.

"Bàbá Ayọ̀bámi, ẹ bọ́ bàtà," Morádékẹ́ rọra wí. "Ara mi ò tíì yá. Ẹ tún gbàdúrà sí i. Mo ṣì gbà yín gbọ́."

Wòlíì lanu, àdúrà kankan ò jáde.

Obìnrin náà ò dìde. Ó tẹríba, ó ń retí ibi tí yóò ti ṣe Àmín.