Ẹ̀rọ Tí Kì Í Sunkún

Alhaji Làtíìfù kì í gba ìmọ̀ràn lẹ́nu ọmọ. Bí Nusaybah, ọmọ rẹ̀, bá bi í bóyá ó ti lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, yóò ní, "Ṣé ìwọ lo bí mi ni?" Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Mákánjúọlá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí, ti ní AI, ẹ̀rọ tó ń gbà á nímọ̀ràn, Alhaji náà ní òun fẹ́ tòun. Nusaybah rò ó títí. Ẹni tí kò bá gbọ́rọ̀ lẹ́nu ọmọ, á gbọ́ ọ lẹ́nu irin. Ó pinnu pé òun fúnra òun ni yóò jẹ́ ẹ̀rọ náà, tí yóò máa fèsì ní ìkọ̀kọ̀.

App tí wọn yóò lò ló kù. Wọ́n jókòó ní pálọ̀ wọn ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, lẹ́bàá òdòdó ojú fèrèsé tó ti ń rọ.

"Èyí tí a fi ń ṣe group mọ́ṣáláṣí ńkọ́?" Alhaji bèèrè.

"Rárá, Daddy. Nọ́ńbà á hàn."

"Nọ́ńbà ta ni?"

"Ti... ti ẹ̀rọ."

Ìkẹta tí wọ́n yẹ̀ wò ló tẹ́ Nusaybah lọ́rùn. "Èyí encrypted, Daddy. Ẹni tó kọ ọ́ àtẹni tó gbà á nìkan ló lè kà á."

Alhaji wò ó. "Ẹni tó gbà á kò ní bínú?"

"Ẹ̀rọ kì í bínú."

"Kò sì ní sunkún?"

Nusaybah rẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹ̀rọ ń sunkún ni?"

"Ó dáa. Bá mi fi sórí fóònù."

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀rọ Alhaji ń gba break ní aago méjìlá kó tó lè fèsì, kì í sì í fèsì bí bọ́ọ̀sì 436 tí Nusaybah ń wọ̀ bá kún. Alhaji kò ráhùn. Aago méjìlá gan-an ló máa ń kọ̀wé.

Lọ́jọ́ Wẹsidé, ó kọ ọ́ pé òun kò lo oògùn láti oṣù méjì. Ó máa ń lé òun lọ ilé ìtọ̀ láàárín ìrun Jímọ̀, ojú sì ń ti òun. Òdòdó ojú fèrèsé ló ń bá òun lò ó. "Mi ò lè sọ fún ọmọ mi. Láti ìgbà tí màmá rẹ̀ ti kú, ẹ̀rù máa ń tètè bà á."

Nusaybah sunkún sórí sandwich rẹ̀ níbi iṣẹ́ ní Lewisham. Nígbà tó nu ojú tán, ó kọ èsì: "Ẹ pe GP, dókítà yín, sà. Wọ́n lè pààrọ̀ oògùn náà. Ẹ jẹ́ kí òdòdó sinmi."

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, GP ti pààrọ̀ rẹ̀. Ní Mọ́ńdè, Nusaybah wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́, inú rẹ̀ ń dùn sí ọgbọ́n tó dá.

Bọ́ọ̀sì ti dé New Cross kí àtẹ̀jíṣẹ́ Alhaji tó wọlé sórí app náà: "Ẹ̀rọ, o gbàgbé oúnjẹ rẹ sórí tábìlì, mo ti lo oògùn mi, má sunkún mọ́."